Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni iṣẹ́ olùtùnú ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìjọ yín ní Ebute Metta fẹ́ yan àwọn ọmọ ìjọ tí yóò máa dúró ti opó, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ àti ẹni tí ilé ẹ̀ dà rú, pé ibo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Àwọn Stephen Ministry, ètò Kristẹni tó ń kọ́ ọmọ ìjọ láti dúró ti ẹni tó wà nínú ìṣòro, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975, máa ń fi nǹkan bíi wákàtí 50 kọ́ èèyàn kó tó máa bẹ ẹnikẹ́ni wò. Níbí ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú la ó yan èèyàn, ọjọ́ Ajé la ó ti gbọ́ ẹjọ́.

Olùtùnú ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, ìbẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí kan. Kí ilé wọn súnmọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ní kí ẹni tó ń gbé Ajah máa wá sí Ebute Metta, gó-síló á ti lé e padà kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ti opó ló gba sùúrù jù. Nígbà ìsìnkú, kúlà oúnjẹ ò níye. Tó bá ti kọjá ogójì ọjọ́, ilé á dá páropáro, lánlọ́ọ̀dù á dé, ẹbí ọkọ á máa béèrè ìwé mọ́tò. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ sì múra àtiṣe é tó oṣù mẹ́fà. Ẹ má sọ pé "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n jù". Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ogún èèyàn. Ẹ bi í pé, "Òru ńkọ́, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì dé ogún nínú yín kẹ́ ẹ tó lanu. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ gidi ti máa ń jáde. Tó bá ń sunkún, ẹ má sáré ki tíṣù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, torí "ó tó" ló máa gbọ́. Ẹ gbé e sítòsí ẹ̀. Ìparí ni àdúrà, ìṣẹ́jú méjì péré, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi í pé kí lẹ máa bá a bẹ Ọlọ́run fún.

Ẹnu ló ń tú irú ẹgbẹ́ yìí ká. "Ẹ rántí arábìnrin kan nínú àdúrà, ọkọ ẹ̀ ti kó jáde": ẹ fi èyí sórí WhatsApp ìjọ, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo Oyingbo ti mọ̀ ọ́n. Kódà níbi ìpàdé táwọn olùtùnú fi ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ohun tí olùtùnú ṣe ni kẹ́ ẹ sọ, kí orúkọ má jáde.

Ṣùgbọ́n àṣírí náà ní ààlà, ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ó ti sọ ọ́: tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ ò ní bo nǹkan kan. Tẹ́nì kan bá ní ayé ti sú òun, ẹ bi í ní gbangba: "Ṣé ẹ ń ronú àtipa ara yín ni?" Ìbéèrè yẹn kì í kó èrò síni lórí. Ẹ wò ó bóyá Sniper, oògùn apakòkòrò, wà nílé, ẹ gbé e kúrò, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kẹ́ ẹ tẹ̀lé e dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba. Tó bá ti gbé e mu, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ẹ mú un lọ sí Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn ní LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìjọba Èkó ní Ikeja, ọ̀fẹ́ ni, kí wákàtí 72 má kọjá, torí oògùn tó ń dènà HIV. Ẹ má gbé e lọ ìṣọ́ òru ná.

Ti owó: olùtùnú kì í yáni lówó. Ẹ darí ẹni tó bá nílò owó sọ́dọ̀ àwọn wẹ́fíà ìjọ.