Wíìlì mountain bike fún ẹni tó wúwo: ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ náwó sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kílò 118 lẹ wọ̀n, pé ọ̀nà Kubwa sí Usuma Dam lẹ máa ń gùn lópin ọ̀sẹ̀, pé sípóòkì ẹ̀yìn ti já lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ kúkú ra wíìlì carbon kí wàhálà parí. Ẹ má rà á. Carbon lágbára lóòótọ́, àmọ́ bí òkúta bá là á, ó di ohun ìdànù. Rímù alumíníọ̀mù tó bá tẹ̀ létí, ẹ ṣì lè rọra fà á padà kẹ́ ẹ sì gùn ún délé. Wíìlì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kó owó yẹn lé lórí. Òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo yín, òun náà ni ẹsẹ̀ yín ń fà lórí òkè.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú sípóòkì tó já yẹn lọ́wọ́, ẹ wo ibi tó ti já. Bó bá jẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù tó wà láàárín wíìlì, dídẹ̀ ló pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dídè tí wọ́n dè é le jù ló ń já a. Rárá o. Bí wíìlì bá ṣe ń yí, sípóòkì tó bá dé ìsàlẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀, á tún le padà bó ṣe ń gòkè. Èyí tí wọ́n dè dáadáa ò ní dẹ̀ tán. Èyí tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa jó nínú ihò rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ á máa nà, bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́ wáyà síwá sẹ́yìn, títí á fi kán. Lábẹ́ ẹni tó wúwo, kì í pẹ́.

Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló já, tẹ́ ẹ sì rí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀ nítòsí àwọn jíà ẹ̀yìn, ṣéènì ló bọ́ sẹ́yìn jíà tó tóbi jù tó sì họ ọ́. Síkúrù L tó wà lára derailleur, ohun tó ń sún ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn, ni kẹ́ ẹ tún ṣe, kì í ṣe wíìlì. Bó bá já níbi tó ti wọ nipple, nọ́ọ̀tì kékeré tó dì í mú lára rímù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kúrú jù, kò wọlé dé orí nipple. Tó bá sì jẹ́ pé rímù gan-an ló ń là yí ihò nipple ká, ẹ má wulẹ̀ dá a láàmú, ó ti tán.

Ti ìgbọ̀nwọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Tó bá sì ti di mẹ́ta, àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn, torí iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ṣe. Kẹ́ ẹ má pààrọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́.

Ẹ wá wo họ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú àti ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń tanni jẹ. Ẹ yí jíà ẹ̀yìn sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo ibi tí irinṣẹ́ ti ń wọ̀ láàárín rẹ̀, lẹ́bàá áásùlù. Bí ibẹ̀ bá ń bá eyín jíà yí, irú jíà tí wọ́n ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì ni. Bó bá dúró sójú kan tí eyín nìkan ń yí, irú tí wọ́n ń pè ní fíríwíìlì ni, kò sì sí rímù tó lè gbà yín lọ́wọ́ fíríwíìlì. Bíárìn ọ̀tún rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gbogbo jíà. Láti ibẹ̀ títí dé ara férémù, áásùlù nìkan ló ń dá gbé ẹrù, bí igi tí wọ́n na jáde lára ògiri tí èèyàn wá jókòó sí ṣóńṣó rẹ̀. Á tẹ̀, lẹ́yìn náà á kán. Àmì rẹ̀ ni pé rímù ń yí tààrà ṣùgbọ́n wíìlì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú férémù. Ẹ lè pààrọ̀ áásùlù títí, èyí tẹ́ ẹ bá fi sí i náà á tẹ̀. Họ́ọ̀bù oníkásẹ́ẹ̀tì gbé bíárìn yẹn lọ sí ìta, nítòsí férémù. Deore ti Shimano tó fún yín: irin ni ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ lára rẹ̀. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù, bí ẹni tó wúwo bá ń tẹ jíà tó rọ̀ jù gun òkè, eyín kásẹ́ẹ̀tì á máa jẹ wọ inú rẹ̀.

Ẹ fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín férémù lẹ́yìn, níbi tí họ́ọ̀bù ń wọ̀, kẹ́ ẹ tó rà á: mílímítà 135, 141, 142 tàbí 148. Ẹ má gbọ́ ti oníṣòwò tó bá ní “á wọ̀”. Bí tiyín bá gba 148, ẹ ti ríre, torí etí họ́ọ̀bù méjèèjì jìnnà síra, sípóòkì á lè dúró gbagada.

Rímù: ihò 32 ló kéré jù, ẹ ra 36 bẹ́ ẹ bá rí i, àwọn tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì sábà máa ń ní in. Kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 30 fún táyà ínṣì 2.4 sí 2.6, kó sì ní ògiri méjì. Láti mọ̀, ẹ ká rọ́bà inú rímù kúrò: bí orí nipple bá jókòó sójú tayé, ògiri kan ni, bẹ́ ẹ bá ń wò ó nínú ihò bí ẹni ń wo kànga, méjì ni. Tí wọ́n bá kọ òṣùwọ̀n ẹrù tó lè gbé, ẹ ro kẹ̀kẹ́ àti omi mọ́ ara yín. Kílò 118, kẹ̀kẹ́ 15, omi àti irinṣẹ́ 4, ó ti di 137.

Sípóòkì tó nípọn láti òkè délẹ̀ kọ́ ló lágbára jù. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ mílímítà 2.0 lórí àti nídìí, 1.8 láàárín. Àárín tó tín-ín-rín yẹn ló ń nà díẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ fi ń sinmi. Nipple idẹ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Ẹ ra mẹ́rin lé, méjì fún ọ̀tún, méjì fún òsì, torí gígùn wọn kì í sábà dọ́gba lẹ́yìn.

Ẹni tó máa hun wíìlì náà ló ṣe kókó jù. Kí sípóòkì kọ̀ọ̀kan dábùú mẹ́ta nínú àwọn yòókù, kí apá ọ̀tún le tó agbára kílò 110 sí 120 tí rímù bá gbà á. Òsì á rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kó fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn pọ̀ ní méjì méjì yípo kó tó gbé e fún yín, kí ìgbọ̀nwọ́ jókòó dáadáa. Bẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ fi èékánná ta wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo tọ̀tún gbọ́dọ̀ dún bákan náà, gbogbo tòsì bákan náà, ṣùgbọ́n tòsì á wálẹ̀ díẹ̀, bí ọ̀tún bá ń dún mí, kí òsì máa dún re. Èyí tó bá ń dún dò láàárín àwọn ará rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 80, ẹ gbé e padà fún un.

Táyà 2.4 tó ní túùbù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 35 psi lẹ́yìn, 30 níwájú, kẹ́ ẹ fi gèéjì tara yín wọ̀n ọ́n. Mai faci (vulcanizer) ẹ̀gbẹ́ títì ò lè fẹ́ fáàfù tín-ín-rín láìsí ádápítọ̀, gèéjì mọ́tò rẹ̀ ò sì mọ ìyàtọ̀ 30 àti 40. Bẹ́ ẹ bá lo omi tó ń dí ihò ẹ̀gún dípò túùbù, ọyẹ́ á tètè gbẹ ẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù láti November dé February.

Wíìlì iwájú tẹ́ ẹ ní báyìí, bó bá ti ní sípóòkì 32, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ kàn ní kí ẹni tó hun tẹ̀yìn bá yín dè é.