“Báwo lo ṣe mọ̀?”: Ìdáhùn sí àwọn òbí lórí ọmọ àti ìṣirò

LẸ́TÀ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Aṣọ ni mò ń rán ní Ṣàgámù. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 6, kíláàsì kìíní ló wà. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà, ó fẹ́ràn orin, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ìṣirò nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹkún ló kù. Ó mọ táìmù tébù, bí ẹni ń kọrin ló ń kà á. Àmọ́ bí mo bá bi í pé mẹ́jọ àti márùn-ún jẹ́ mélòó, ojú mi ló máa ń wò, á wá máa méfò. Tíṣà tó ń kọ́ ọ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ máa ń fi pàṣán nà án bó bá fi ìka kà. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀, torí èmi náà ò mọ ìṣirò rárá nígbà tí mo wà níléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ ní ẹ ò mọ ìṣirò. Ó dáa. Oníbàárà dé, ẹ na téèpù, àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 38. Ẹ ká aṣọ sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ pín 38 sí mẹ́rin, ó di mẹ́sàn-án àbọ̀. Ẹ fi íǹṣì kan lé e fún ojú rírán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí mẹ́wàá àbọ̀, ẹ mú sísọ́ọ̀sì, ẹ gé e. Ta ló bá yín ṣe é? Pípín wà níbẹ̀, àròpọ̀ wà níbẹ̀, ìdajì náà wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì í, aṣọ olówó iyebíye ló bàjẹ́ yẹn, àmọ́ ẹ kì í ṣì í. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún sọ lójú ọmọ yẹn mọ́ pé ẹ ò mọ ìṣirò. Kí bàbá rẹ̀ náà má sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà gba ohun tí bàbá rẹ̀ bá sọ gbọ́. Bí wọ́n bá ti ní ó jogún ẹ̀, kí ló tún kù tó máa gbìyànjú fún?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pàṣán.

Ọdún 34 ni mo fi ṣe tíṣà ọmọ kéékèèké nílùú Ìbàdàn, èmi náà sì ti nà ọmọ nítorí ìka kíkà. N kò lè fi í pamọ́ fún yín. Ní 1983, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, bóyá ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí mo bá kọ àròpọ̀ sójú pátákó, á dákẹ́, á wá ti ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì, á máa ka ìka níkọ̀kọ̀. Mo máa ń ní kó na ọwọ́ náà jáde, ma sì nà án. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ wọ ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù, mo bá ọmọ yìí pẹ̀lú àwo ẹ̀pà lórí. Ìyá kan ra ẹ̀pà kọ́bọ̀ 15 lọ́nà mẹ́ta, ó na náírà kan sí i. Ọmọ yìí ò wojú sánmà, kò ka ìka, ó ka kọ́bọ̀ 55 lé ìyá náà lọ́wọ́, ọkọ̀ sì ti ń ṣí.

Mo pè é. Mo ní, báwo lo ṣe mọ̀ pé kọ́bọ̀ 55 ni? Ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo fẹ́ bá a wí. Ó ní, “Mà, sílè kan àbọ̀ lọ́nà mẹ́ta, sílè mẹ́rin àbọ̀ ni. Náírà jẹ́ sílè mẹ́wàá. Ó ku márùn-ún àbọ̀.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà rántí pé sílè la ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá nígbà yẹn. Ọmọ tí mò ń nà lórí mẹ́jọ àti márùn-ún ti ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò tó ní ìdajì nínú, láìní bébà, láìní bírò. Mo ní, kí ló dé tó ò mọ̀ ọ́n ní kíláàsì? Ó ní, “Níbí, owó ni, Mà.”

N kò nà ọmọ kankan nítorí ìṣirò mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo wá kà nípa ohun tí àwọn olùwádìí kan rí nílùú Recife ní Brazil, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985. Ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú títì ni wọ́n tọ̀ lọ. Wọ́n ra àgbọn, wọ́n bi wọ́n ní iye owó àti ṣéńjì. Nínú ìbéèrè 100, bíi 98 ni wọ́n gbà. Wọ́n wá kọ irú ìṣirò kan náà sórí bébà fún àwọn ọmọ kan náà, láìsí àgbọn, láìsí owó: bíi 37 ni wọ́n gbà. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á, torí mo mọ ọmọ ẹlẹ́pà tèmi.

Nítorí náà, ẹ lọ bá tíṣà lẹ́sìn yẹn. Ẹ lọ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Ẹ ní kó jẹ́ kí ọmọ máa fi ìka kà. Ìka mẹ́wàá ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún ọmọ láti fi kọ́ mẹ́wàá, òun fúnra ẹ̀ á sì fi ìka sílẹ̀ bó bá yá, bó ṣe fi ìrákò sílẹ̀ nígbà tó mọ ìrìn. Bí tíṣà bá kọ̀ láti ju pàṣán sílẹ̀, ẹ yọ ọmọ kúrò ní lẹ́sìn. Lórí èyí, n kò ní ọ̀rọ̀ méjì.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe ju gbogbo ìyókù lọ nìyí. Bí ọmọ bá ti dáhùn, ẹ má sọ pé “o gbà á,” ẹ má sì sọ pé “kò rí bẹ́ẹ̀.” Ẹ bi í pé, “Báwo lo ṣe mọ̀?” Ẹ bi í bó bá gbà á, ẹ bi í bí kò bá gbà á, kí ojú yín rí bákan náà nígbà méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá ń bi í nígbà tó bá ṣì í nìkan, ó máa tètè mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni pàṣán tuntun.

Ẹ wo ohun tí ìbéèrè yìí máa ń tú jáde. Ọmọ kan sọ fún mi pé mẹ́jọ àti márùn-ún jẹ́ méjìlá. Mo ní, báwo lo ṣe mọ̀? Ó na ìka márùn-ún sókè, ó ń ká a lọ́kọ̀ọ̀kan: “Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá.” Ṣé ẹ rí i? Orí ọmọ yẹn pé. Ọ̀nà rẹ̀ dáa, ó kàn tún mẹ́jọ tó ti ní tẹ́lẹ̀ kà ni. Mo ní kó kó òkúta mẹ́jọ sínú àpò, kó ní “mẹ́jọ,” kó wá ju márùn-ún yòókù sí i, kó máa kà á bó ṣe ń jù ú. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èèyàn lè nà án títí di ọdún tó ń bọ̀ kó má rí ibi tí àṣìṣe yẹn wà. Ọmọ mìíràn á ní mẹ́tàlá, á sì ṣàlàyé pé òun yọ méjì lára márùn-ún, òun fi kún mẹ́jọ kó lè pé mẹ́wàá, ó wá ku mẹ́ta. Ẹ ní kó tún un sọ kí bàbá rẹ̀ gbọ́.

Ilé iṣẹ́ yín gan-an ni kíláàsì tó dáa jù fún un. Agolo mílíìkì tẹ́ ẹ ń kó bọ́tìnì sí, ẹ gbé e fún un. Ẹ ka mẹ́wàá sílẹ̀ pọ̀, ẹ ní kó dijú, ẹ fi ife bo díẹ̀ nínú ẹ̀. Kó lajú. Mẹ́fà ló wà níta. Mélòó ló wà lábẹ́ ife? Jẹ́ kó ṣí ife fúnra ẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà kó wá bo tiẹ̀, kí ẹ̀yin náà wá a. Ẹ ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè bi yín pé báwo lẹ ṣe mọ̀. Ọmọ tó bá mọ gbogbo ọ̀nà tí mẹ́wàá gbà ń pín sí méjì, ìṣirò kíláàsì kejì ò ní dẹ́rù bà á.

Ní ti táìmù tébù, ẹ má gbàgbé ẹ̀, ẹ kàn sọ ọ́ di ohun tí ọmọ lè fojú rí. Ẹ to bọ́tìnì ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó kà á, méjìlá. Ẹ ní kó rìn lọ sí apá kejì tábìlì kó wò ó láti ibẹ̀: ìlà mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta. Bọ́tìnì kankan ò kúrò níbi tó wà. Mo ti rí ọmọ tó sáré yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mẹta nítorí èyí.

Kẹ́ ẹ fún un ní téèpù náà kó máa wọn ohun tó bá wù ú. Bó bá ti ń dùn mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó, kó lè máa bẹ̀ yín lọ́la.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín láti Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 7 ni àwọn ìbejì mi. Ìyá mi ní Ọ̀yọ́ máa ń bínú lórí fóònù pé wọn ò lè ka ogún ní Yorùbá. Ìyàwó mi ní tí a bá kó òǹkà Yorùbá mọ́ ti iléèwé, ọpọlọ wọn á dàrú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?
Bàbá Ìbejì

Bàbá Ìbejì, ọpọlọ wọn ò ní dàrú. Ìyá ìbejì ò sọ̀rọ̀ ìkà, ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ òbí nílé níbí náà ló ń bà wọ́n. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé Peckham kì í ṣe Modákẹ́kẹ́, Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ tiyín ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ èdè Yorùbá ò ba ìṣirò ọmọ jẹ́ rí.

Mo tún máa sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: òǹkà wa fúnra ẹ̀, ìṣirò ni. Ẹ bi ìbejì pé kí ni “mẹ́rìndínlógún”? Mẹ́rin ló dín ní ogún. Lẹ́nu kan ṣoṣo, wọ́n ti yọ mẹ́rin kúrò lára ogún. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀ sí i, ẹ gbé “márùndínláàádọ́ta” fún wọn. Márùn-ún dín ní àádọ́ta. Kí wá ni àádọ́ta? Mẹ́wàá dín ní ọgọ́ta. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u bí ẹni ń tú ẹrù, kí wọ́n sì rí 45 nísàlẹ̀ ẹ̀. Ogún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, kẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ìkánjú.

Kí ìyá yín fi ọpọ́n ayò ránṣẹ́ bí ẹnì kan bá ń bọ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìbejì ni wọ́n, ọ̀ta tó ń jẹ àti ọ̀pẹ tí wọ́n ń jẹ ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ, tó fẹ́ kí ọmọ ayò tó kẹ́yìn bọ́ sí ihò tí yóò fi di méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ó gbọ́dọ̀ fojú ka iye tó wà nínú ihò, kó sì fọkàn tẹ̀ lé e yípo ọpọ́n kó tó fọwọ́ kàn án. Àròpọ̀ ni gbogbo ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún wọn. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi méjì-méjì sínú ihò. Kí ìyá yín máa wò wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n sì máa bi àwọn ìbejì pé, “Kí lo rí tó o fi mú ihò yẹn?” Inú ìyá yín á rọ̀.

LẸ́TÀ KẸTA

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ń fi fóònù kọ́ òǹkà, ó sì ń ka ení títí dé 100. Àmọ́ bí mo bá ní kó gbé ṣíbí mẹ́ta wá, ẹ̀kúnwọ́ ló máa ń kó. Ṣé kò gbọ́ràn ni?
Ìyá Àgbà, Ìlọrin

Ó gbọ́ràn, Mà. Orin ló ṣì ń kọ. Kò tíì mọ̀ pé “mẹ́ta” jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè gbé. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lálẹ́ òní, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ má sọ iye kankan fún un. Ẹ ní kó lọ kó ṣíbí wá fún gbogbo ẹni tó jókòó, kó sì pín in fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan ò bá ní ṣíbí lọ́wọ́, kí onítọ̀hún kàn na ọwọ́ òfìfo sí i, kí gbogbo yín sì dúró kẹ́ ẹ má tíì jẹun, títí tó fi máa padà wọ ilé ìdáná lọ mú ọ̀kan tó kù wá.