Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ilé Ẹ̀kọ́ Alẹ́ Septima Clark

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, ìlà méjì péré la fi sọ̀rọ̀ Septima Clark, olùkọ́ adúláwọ̀ láti South Carolina ní Amẹ́ríkà, tó ṣètò ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Lẹ́tà yín ní ìlà méjì kéré. Ẹ ò purọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà ni mí. Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an ní kíláàsì yẹn, kí ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀? (Ògbómọ̀ṣọ́)

Èsì: Ohun tó dí wọn lọ́nà la ó kọ́kọ́ sọ. Òfin ìpìlẹ̀ South Carolina ti ọdún 1895 ní kí ẹni tó fẹ́ dìbò lè ka abala kan nínú òfin náà kó sì lè kọ ọ́, àfi tó bá ní dúkìá tó tó 300 dọ́là tó ń san owó orí lé lórí. Johns Island, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Charleston, erékùṣù àwọn àgbẹ̀ ni. Dúkìá ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ibẹ̀, wọn kò sì kàwé. Esau Jenkins, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn lọ síṣẹ́ ní Charleston, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní abala òfin nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn, Alice Wine, há tirẹ̀ sórí láìlè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohun téèyàn há sórí lè mú un dé ibi ìdìbò, àmọ́ kò ní bá a ka ìwé tí ẹni tó yá a lówó bá gbé wá lọ́la.

Highlander, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Tennessee níbi tí Septima ti ń ṣiṣẹ́, ló yá àwọn ará erékùṣù ní 1,500 dọ́là tí wọ́n fi ra ilé kan. Wọ́n sọ iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù, wọ́n fi yàrá ẹ̀yìn ṣe kíláàsì, kí òyìnbó tó bá ń kọjá lè rò pé ọjà nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, èèyàn 14 ló wá. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lálẹ́ kan, nígbà òtútù tí iṣẹ́ oko dín kù.

Ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: kí lẹ fẹ́ mọ̀? Èyí ní òun fẹ́ kọ orúkọ òun, èyí fẹ́ ka Bíbélì, èyí fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí máníọ́dà tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́, òmíràn fẹ́ ra ọjà láti inú ìwé ọjà ilé ìtajà Sears. Bernice Robinson tó ń kọ́ wọn ti kó ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dání wá. Kíá ló pa á tì. Ẹni tó ti lọ́mọ-ọmọ, ta ló fẹ́ máa ka ìtàn ọmọdé fún un?

Orúkọ ni wọ́n fi ṣáájú. Olùkọ́ á kọ orúkọ èèyàn gàdàgbà sórí páálí, akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa fi pẹ́ńsù tọ ojú ìlà náà, léraléra, títí ọwọ́ fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bọ́ sórí bébà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ibí yìí ni ìjàǹbá kékeré kan ti ń ṣẹlẹ̀: ọwọ́ tó ti ń di ọkọ́ mú láti kékeré, bó ṣe ń di ọkọ́ mú ló ṣe máa di pẹ́ńsù mú, á sì dá pàkà. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Kó fún un ní òmíràn. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ra pẹ́ńsù ju iye akẹ́kọ̀ọ́ lọ.)

Lẹ́yìn orúkọ, ọ̀rọ̀ inú òfin ló kàn. Wọ́n á gé ọ̀rọ̀ gígùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á pè é, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á wá jọ jiyàn lórí ohun tó túmọ̀ sí. Gullah ni èdè erékùṣù náà, èyí tí Lorenzo Dow Turner fi hàn lọ́dún 1949 pé ọ̀rọ̀ àti orúkọ Yorùbá wà nínú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe «the» ní «de», Septima kì í sọ pé ó ṣì í. Ohun tó máa ń sọ ni pé, báyìí lẹ ṣe ń pè é, àmọ́ báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé onídìrí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ náà. Ṣé wọn ò rí olùkọ́ gidi ni? (Èkó)

Èsì: Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bernice Robinson, ìbátan Septima, ń ṣe irun, ó sì tún ń ránṣọ. Adúláwọ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀gá òyìnbó tó lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, olùkọ́ tó níwèé ẹ̀rí sábà máa ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí.

Nígbà tí ètò náà bọ́ sábẹ́ SCLC, ẹgbẹ́ tí Martin Luther King ń darí, lọ́dún 1961, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń yan olùkọ́: ẹni tí àdúgbò bọ̀wọ̀ fún, tó lè kàwé sókè, tó sì lè kọ̀wé sójú pátákó. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní Dorchester, ní ìpínlẹ̀ Georgia.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé Rosa Parks kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Septima? (Abẹ́òkúta)

Èsì: Òótọ́ ni. Ní Highlander, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1955, oṣù díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí Rosa kọ̀ láti dìde fún òyìnbó lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì ní Montgomery.

Ìbéèrè: Ẹ ń yin Septima ṣáá. Ṣé kò sí èyí tó dáwọ́ lé tí kò yọrí sí rere? (Ilé-Ifẹ̀)

Èsì: Ó wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́. Lọ́dún 1956, South Carolina ṣòfin pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀. Septima kò sẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà 726 sí àwọn olùkọ́ adúláwọ̀ pé kí wọ́n jọ dìde tako òfin náà. 26 péré ló fèsì; lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ rí ọ̀gá àgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó yọjú kò ju márùn-ún lọ. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ṣe fún 40 ọdún, ó sì pàdánù owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Kò di ẹ̀bi ru àwọn olùkọ́ náà. Ó ní òun ló ti àwọn èèyàn sí ibi tí wọn kò tíì múra sílẹ̀ fún. Lójú tiwa, páálí àti pẹ́ńsù ọdún 1957 kò ṣẹ̀yìn ẹ̀kọ́ yìí: kò tún bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí òun fẹ́ mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé ohùn òun àti King máa ń ṣọ̀kan? (Lọ́ńdọ̀nù)

Èsì: Ó bọ̀wọ̀ fún King, ó sì bá a lọ sí Oslo lọ́dún 1964 nígbà tó lọ gba ẹ̀bùn Nobel. Àmọ́ ó kọ lẹ́tà sí i nígbà kan pé kó má ṣe máa ṣáájú gbogbo ìwọ́de fúnra rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn míì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. King ka lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ padà? (Ìbàdàn)

Èsì: Ọdún 1976 ni gómìnà South Carolina fọwọ́ sí i pé kó máa gbà á. Ẹni ọdún 78 ni nígbà náà. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ti dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè Charleston.