Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Káfíńtà ni mí níbí ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Oníbàárà mi kan tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ fi àwòrán àga kan hàn mí lórí fóònù. Ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ló ní, pákó kan náà ló ṣe ìjókòó àti ẹ̀yìn, ìbàdí rẹ̀ sì tíńrín. Ó tún fi iná tábìlì kan tó dorí kodò hàn mí. Ó ní àrà tuntun ni wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè ṣe àga náà tí kò fi ní là?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe tuntun o, ọmọ mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Arne Jacobsen, ayàwòrán ilé ọmọ Copenhagen ní Denmark, ló gbé e jáde ní 1952. Yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oògùn Novo ló ṣe é fún, nítorí náà oníbàárà rẹ mọ ohun tó ń wá. Èèrà ni wọ́n sọ àga náà. Fritz Hansen, ilé-iṣẹ́ àga tó kọ́kọ́ ń ṣe é, kò tíì dáwọ́ dúró.

Ìbàdí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Bí o bá tẹ plywood sí ọ̀nà kan ṣoṣo, á gbọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí ìjókòó ti ń di ẹ̀yìn ni yóò ti ká jọ, tí yóò sì là. Jacobsen kò bá pákó jà: ó gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibẹ̀ kúrò. Ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní ẹwà, ibi tí igi ti kọ̀ jálẹ̀ ni. Tí mo bá rántí èyí, inú mi a máa dùn sí iṣẹ́ wa.

Nítorí náà, má ra plywood tó nípọn kó o máa fipá tẹ̀ ẹ́. Ra èyí tó fẹ́lẹ́, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n léra, kí ìlà igi wọn máa dábùú ara wọn. Fi igi líle ṣe mọ́ọ̀dù takọtabo, ìyẹn ìdajì méjì tó bára mu, fi pákó náà sáàárín wọn, kó o fún un pọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ní ti ẹsẹ̀, mẹ́rin ni kó o ṣe. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fúyẹ́, kì í sì í kọ́ ẹsẹ̀ oníjẹun, àmọ́ bí èèyàn bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè dànù. Wọ́n ti ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ lẹ́yìn tí Jacobsen kú ní 1971.

Iná yẹn ń kọ́? Òun náà ló ni ín. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì SAS Royal ní Copenhagen, tí wọ́n ṣí ní 1960, òun ló ya ilé, òun ló ya àga àti iná yẹn, títí dórí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣì fi yàrá 606 sílẹ̀ bó ṣe ṣe é. Ìborí iná náà ṣeé yí sókè sódò, inú rẹ̀ funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀, gílóòbù kò sì ní gún ọ lójú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá wọ ilé oúnjẹ wa, tí gílóòbù ìhòòhò ń ràn sí oníbàárà lójú lórí àmàlà rẹ̀. Jẹ́ kí oníṣẹ́ páànù bá ọ gé ìborí tó jìn, kó o kun inú rẹ̀ ní funfun, kó o sì gbé e kọ́ sísàlẹ̀ lókè tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Sọ fún oníbàárà rẹ pé àrà Jacobsen lo wò ṣe é. Má pè é ní ojúlówó láti Denmark. Ṣe ẹyọ kan ṣáájú. Jẹ́ kí ẹni tó sanra jù ní ṣọ́ọ̀bù yín jókòó, kó fẹ̀yìn tì dáadáa. Bí o bá gbọ́ tí pákó ké ní ìbàdí, mọ́ọ̀dù rẹ ti tẹ̀ jù. Tún un fá kó o tó gé ìyókù.