Fún ẹni tí màmá ẹ̀ tẹ líǹkì BVN: ohun tójú mi rí rèé

Àbúrò mi, kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí ìbéèrè ẹ pé ímeèlì kan wọlé fún màmá ẹ pé wọ́n máa ti BVN wọn pa láàárín wákàtí 24, wọ́n ti tẹ líǹkì inú ẹ̀ kó o tó dé, wọ́n ní àwọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá ewu ti wọlé àti bó o ṣe máa kọ́ wọn láti máa dá irú ẹ̀ mọ̀. Àyà mi já bí mo ṣe ń kà á, torí irú ẹ̀ gan-an ló ṣe mí, èmi kì í sì í ṣe ẹni tí ò mọ fóònù lò, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn níbí, orí fóònù ni mo ti ń gbowó tí mo ti ń sanwó ọjà ó ti pẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 23 oṣù kejì ọdún 2024. O máa rántí ìgbà yẹn, CBN ti kéde ní ìparí 2023 pé àkáǹtì tí ò bá ní BVN tàbí NIN, tó bá ti di oṣù kẹta 2024, owó ò ní lè jáde nínú ẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni ìkéde yẹn o, gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́, ibẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ gbà wọlé sí wa lára. Ímeèlì yẹn dé nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, àmì báǹkì mi wà lókè ẹ̀, àwọ̀ wọn náà ni, wọ́n ní BVN mi ò bá orúkọ mi mu, kí n tètè tún un ṣe kó tó di alẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ nọ́ńbà káàdì ATM mi síbẹ̀, oṣù àti ọdún tó máa kú, nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn ẹ̀, títí kan PIN.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkùnrin kan pè mí. Yorùbá tó dáa ló ń sọ, "ẹ kú ọjà mà, ẹ kú kátàkárà", ó pe orúkọ mi pé, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì mi fún mi, ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara mi kọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù mi, kí n kà á fún òun ká fi parí ẹ̀ káwọn tó palẹ̀ mọ́ lọ́fíìsì. Oníbàárà kan wà níwájú mi tó ń ná àdìrẹ, mo kà á fún un. Ó wà nínú SMS yẹn pé ẹ má sọ nọ́ńbà yìí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn nìkan ló hàn lójú fóònù mi, ìyókù wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ṣí app báǹkì mi sórí fóònù tiwọn. Ni alert báǹkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: 200,000, 150,000, 62,000. 412,000 naira. Owó àjọ àwa obìnrin 14 ni, èmi ni wọ́n fọkàn tán pé kó máa gbà á jọ.

Mo pe customer care, orin ni wọ́n ń kọ fún mi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú títí káàdì inú fóònù mi fi tán, mo fi fóònù ẹni tá a jọ ń tajà pè, wọ́n gbé e, wọ́n ń bi mí ní ọjọ́ ìbí, wọ́n ń bi mí ní orúkọ bàbá tó bí ìyá mi, owó ń lọ! Mo gbé ọ̀kadà lọ sí báǹkì, wọ́n ti tì, síkúríìtì ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè, ọmọbìnrin kan tó kéré sí àkọ́bí mi wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ní "mà, ẹ̀yin lẹ fún wọn ní OTP o", ìyẹn nọ́ńbà mẹ́fà yẹn. Ó ní kí n lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí n lọ búra ní kóòtù. Àwọn ọlọ́pàá ní kí n mú owó ìwé àti bíró wá. Báǹkì tí owó yẹn wọlé sí ní àwọn ò lè sọ ẹni tó ni àkáǹtì fún wa láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, nígbà tí wọ́n máa fi wo inú àkáǹtì yẹn, 1,300 naira ló kù, wọ́n ti gba ìyókù jáde lọ́dọ̀ àwọn oní-POS lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi san owó àjọ yẹn padà.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni ọ̀mọ̀wé kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé olójúkòkòrò nìkan ni wọ́n máa ń rí lù ní jìbìtì. Kí ni mo ṣojúkòkòrò sí? Ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí kọ́bọ̀ fún mi, ẹ̀rù ni wọ́n fi mú mi, ẹ̀rù pé owó olówó máa há sí báǹkì. Nítorí náà má sọ fún màmá pé kí wọ́n má ṣojúkòkòrò, kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Sọ fún wọn pé ìwé tàbí ìpè tó bá ń lé wọn léré, tó ní "lónìí", "kó tó di alẹ́", kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Nípa dídá a mọ̀: orúkọ tó hàn lókè ímeèlì, ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ báǹkì síbẹ̀, orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́ ẹ rí àdírẹ́sì gidi. Líǹkì, ẹ fìka lé e pẹ́ láìgbé e kúrò, ibi tó ń lọ máa hàn. Kẹ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ṣáájú slash àkọ́kọ́ (/) tó wà lẹ́yìn https://, ibẹ̀ lẹ máa bá ẹni tó ni ín. Orúkọ báǹkì lè wà níwájú kó wá parí sí nǹkan mìíràn tó ní .xyz tàbí .top, ti báǹkì kọ́ nìyẹn. Àmì àgádágodo tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì yẹn ò túmọ̀ sí pé olóòótọ́ ni wọ́n o, olè náà ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì máa ń ní ẹ wo gírámà, ẹ wo sípẹ́lì, èyí tó wá sọ́dọ̀ mi ò ní àṣìṣe kankan.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fẹjọ́ sun báǹkì lórí Facebook tàbí X, ẹ ṣọ́ra! Bí mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá táwọn mẹ́ta tó pera wọn ní customer care fi wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ní àmì búlúù, owó ni wọ́n ń fi ra ìyẹn báyìí. Òmíràn ní òun máa bá mi gba owó mi padà tí mo bá kọ́kọ́ san 25,000, díẹ̀ ló kù kí n san án. Lẹ́yìn tí CBEX, àwọn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní àwọn máa sọ owó di púpọ̀, wó ní oṣù kẹrin 2025, irú wọn náà ló tún ń kiri lọ́dọ̀ àwọn tí owó wọn há síbẹ̀. WhatsApp náà, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ bá ọmọ òun dìbò tó wá ń bèèrè nọ́ńbà mẹ́fà, ẹ má fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló fi kọ ọ́.

Má bínú, ìbéèrè ẹ gan-an ni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìkọ nǹkan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà owó ò tíì lè lọ. Ẹ wo fóònù yẹn bóyá nǹkan wọlé sórí ẹ̀ fúnra ẹ̀, pàápàá fáìlì tó parí sí .apk, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń gbé app sórí fóònù, ẹ yọ ọ́, ẹ má sì ṣí i. Wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM wọn àti kóòdù tí báǹkì wọn ń lò láti ti àkáǹtì pa, ọ̀pọ̀ wọn ṣeé tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn, kọ méjèèjì sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n á ti máa rí i. Ká ní mo ní kóòdù yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni, 62,000 tó gbẹ̀yìn yẹn ó kéré tán ì bá má lọ.

Ṣùgbọ́n tún bi wọ́n léèkan sí i, ní ìwọ àti àwọn nìkan, má pariwo mọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ bi mí, èmi náà ní mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, ọjọ́ kejì ni mo tó lè jẹ́wọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn kọ PIN tàbí nọ́ńbà káàdì, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ ti àkáǹtì yẹn pa lálẹ́ yìí.