Fláwà Gidi Lórí Tábìlì: Tẹnu Géètì Yín Tó

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní London fi fọ́tò tábìlì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe páàtì kékeré torí òtútù ti ń lọ, spring ti dé, fláwà tútù ni wọ́n tò láti igun kan dé ìkejì, ó ní tulip ni. Ó wù mí gan-an. Èmi náà fẹ́ gba ẹgbẹ́ wa lálejò nílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, a ò ní ju méjìlá lọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Níbo ni mo ti lè rí tulip rà n'Íbàdàn, àbí kí n kúkú lo ti rọ́bà?
Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹ bá mi fi tulip sílẹ̀ jàre. Ìdí ẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tó tutù dáadáa kó tó yọ fláwà, òtútù wo la ní níbí, ṣé ọyẹ́ tó jẹ́ pé tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ oòrùn ti lé e lọ? Ti rọ́bà náà, a ti rí i tó ní pálọ̀ àwọn èèyàn, eruku ti jẹ gbogbo ẹ̀.

Lásìkò Àjíǹde òjò àkọ́rọ̀ ti máa ń rọ̀, gbogbo nǹkan ti ń rúwé, ẹ kàn jáde sẹ́nu géètì. Ixora pupa tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù, fláwà wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ ló wà lórí ọ̀kan, tí mẹ́ta mẹ́rin bá já bọ́ ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹ fi ewé croton aláràbarà sí i, àti pèrègún tó ní ìlà yẹ́lò, ìyẹn lè wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kó tiẹ̀ ta gbòǹgbò. Bougainvillea lẹ́wà àmọ́ ó tètè ń rọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gé e. (Ẹ má gé ewé akòko mọ́ ọn o, àwọn àlejò á máa bèèrè ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi joyè.) Tí ẹnu géètì yín bá gbẹ, àwọn tó ń ta fláwà lẹ́bàá títì ní Bódìjà àti Jẹ́ríkò ní kéékèèké nínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú igbá kí ọ̀rá má hàn, tí páàtì bá parí ẹ lọ gbìn ín.

Hibiscus ló fi ojú mi rí nǹkan. Lọ́jọ́ ìbí àbúrò mi kan, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti já a tò ó kalẹ̀ tí mo ń yọ̀, nígbà tí àlejò fi dé lálẹ́ gbogbo ẹ̀ ti pa ara ẹ̀ dé bí agboòrùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni fláwà ẹ̀ ń lò. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ já a tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárọ̀, kó lọ sí fíríìjì, ẹ má gbé e jáde àfi tí àlejò bá ku díẹ̀ kó dé.

Àwọn yòókù, kí oòrùn tó yọ ni kẹ́ ẹ gé wọn, omi tí wọ́n mu lóru ṣì wà nínú igi wọn. Ọ̀bẹ mímú, ẹ gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀, tààrà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kẹ́ ẹ sì já gbogbo ewé tó bá máa wọ inú omi kúrò torí òun ló ń jẹrà tó ń rùn. Ẹ ò nílò fóòmù tí wọ́n máa ń gún igi fláwà mọ́ yẹn, ẹ fi sẹ́lótéèpù ya ìlà ìbú àti òró sẹ́nu abọ́, ihò tó bá kù lẹ máa ti fláwà bọ̀.

Ẹ má gbé ẹyọ kan gàgàrà sáàárín. Agolo tòmátò bíi mẹ́fà, ẹ we àjákù àdìrẹ mọ́ ọn (tẹ́ ẹ bá ní Ìbàdàndùn tó ní òpó Mápó lára, ó parí), torí àwo àmàlà àti omi ìfọwọ́ ṣì ń bọ̀ lórí tábìlì yẹn. Ẹ jókòó, ẹ fi ìgúnpá lé tábìlì kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè, fláwà ò gbọdọ̀ ga jù ìkúùkù yín lọ. Omi ìfọwọ́ yẹn náà, mo ti da frangipani sójú omi nínú abọ́ rí, olóòórùn dídùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni, ó fọ̀ ọ́, ó tún dúpẹ́.

Yellow oleander olójè funfun yẹn ńkọ́, àtewé àtèso ẹ̀ májèlé ni, kó má dé ibi oúnjẹ. Dumb cane náà, eléwé ńlá tó ní tótòtó funfun tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò nínú ilé yẹn, tọ́mọdé bá jẹ ẹ́ ẹnu ẹ̀ á wú.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi máa ń kán Jik sómi fláwà, ṣé kì í ṣe pé ó ń pa á ni?
Bàbá Tèmi, Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn: Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, sà. Jik ló ń pa kòkòrò tó máa ń dí ẹnu igi fláwà tí kò fi ní lè mumi, ẹ̀kán díẹ̀ sí omi lítà kan, pẹ̀lú ṣíbí tíì ṣúgà kan. Tó bá pọ̀ jù ló ń pa á. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ kí fláwà tètè gbó, tẹ́ ẹ bá rí i nítòsí, ẹ jẹ ẹ́.