Ẹ Bi Bàbá Wíìlì: Ọgbà ìṣeré tí ẹsẹ̀ yín ò tíì tẹ̀ rí

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Wíìlì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Fẹ́mi ni mí, láti Àgùdà ní Sùúrùlérè. Ọmọ méjì ni mo ní: Fẹ́mi, ọmọ ọdún 11, àti àbúrò rẹ̀ Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún 6. Ọgbà ìṣeré kan wà tí kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ la sì máa ń lọ láti ìgbà tí Fẹ́mi ti ń rá kòrò. Nígbà Kérésì tó kọjá, bàbá wọn ní ká gbìyànjú ibòmíràn. A dé ọ̀hún, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ mú igi kan, ó fi wọn Mọrẹ́nikẹ́, ó ní kò ga tó. Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá wọn gbaná jẹ, wọ́n ní irú ẹ̀rọ yìí náà ló máa ń gùn nítòsí wa, kò sẹ́ni tó fi igi wọ̀n ọ́n rí. Ọ̀rọ̀ di ariwo, a ò gbádùn nǹkan kan mọ́. Títí a fi délé ni Fẹ́mi ń sọ pé, "Tiwa dáa ju èyí lọ."

Nígbà Àjíǹde tó ń bọ̀, a fẹ́ lọ sí Hi-Impact Planet ní Ìbàfò. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 68, ní àwọn náà ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọkùnrin yẹn ò jẹ̀bi? Kí la lè ṣe kí tọ̀tẹ̀ yìí má bàa rí bíi ti Kérésì? Fẹ́mi náà ní kí n bi yín: níbo ló dáa jù láti jókòó nínú rólà-kósítà, ọkọ̀ tó ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí irin yẹn, iwájú àbí ẹ̀yìn? Kí ló sì máa ń ró "ka-ka-ka" yẹn tó bá ń gòkè?

ÌDÁHÙN: Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú ọmọ o. Ẹ bá mi kí Bàbá Fẹ́mi, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọkùnrin yẹn ò jẹ̀bi rárá. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, màá ra míńírà tútù fún un.

Àwọn tó ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ọdún 14 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ọgbà ìṣeré, kó tó di pé orúnkún lé mi wálé. Wíìlì ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè ni mo kọ́kọ́ ń yí, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún mi lórúkọ. Àmọ́ nǹkan kan wà tí n kò kọ síbí rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ kan ni, èrò pọ̀ lọ súà. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì, ọmọ ò ga tó. Mo ní rárá. Ìyá ń bẹ̀ mí, ọmọ ń wò mí lójú. Ni ìyá bá tẹ igba náírà sí mi lọ́wọ́, nígbà tí igba náírà ṣì ń jẹ́ owó. Mo gbà á. Mo fa irin bolẹ̀ sórí itan wọn, mo gbọ́ tó ró "kà," ọkàn mi balẹ̀. N kò rò ó pé ìyá tó jókòó tì í, tó sanra dáadáa, ni irin náà dúró lé lórí. Àlàfo tó wà láàárín irin àti itan ọmọ, ewúrẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n tún yí kàn mí, ọmọ ti yọ́ wálẹ̀ lórí àga, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan irin. Mo pa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ yẹn kì í dúró lójú ẹsẹ̀ bíi mọ́tò, á ṣì máa yí títí agbára tó wà lára rẹ̀ á fi tán. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó. Kò sóhun tó ṣe ọmọ o, bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ló fò lọ. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Èmi ni mo lọ jókòó sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Igba náírà yẹn wà lápò mi di alẹ́, n kò lè ná an.

Ohun tí igi ìwọ̀n wà fún nìyẹn. Kì í ṣe ikùn ni irin yẹn ń dì mú, egungun ìbàdí ló yẹ kó dì mú. Ọmọ tí kò bá ga tó, ìbàdí rẹ̀ ò tíì tóbi tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ láti fi ta ara rẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tó ibi tó yẹ kó dì mú. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló sọ bí ẹni tó máa gùn ún ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Ọmọ tó ń tẹ bọ́tìnnì nídìí rẹ̀ ò láṣẹ láti dín in kù. Ẹ̀rọ méjì lè jọra bí ìbejì kí ìwọ̀n wọn má dọ́gba, torí irin tó di èèyàn mú nínú wọn lè yàtọ̀. Nítorí náà, "irú rẹ̀ náà ló máa ń gùn" kì í ṣe ẹ̀rí. Tí ẹ bá máa bá ẹnikẹ́ni ṣe fàá ká já a, ẹni tó ń jẹ́ kí Mọrẹ́nikẹ́ gùn ún nítòsí yín láìwọ̀n ọ́n ni kẹ́ ẹ lọ bá. (Ẹ má jà o. Ẹ kàn bi í pé igi rẹ̀ dà.)

Ẹ wá gbọ́ ti Ìbàfò. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí Mọrẹ́nikẹ́ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ fa ilà síbẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà. Kó mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí bó ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ nọ́ńbà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sáré lọ wo pátákó, á ní "èyí kì í ṣe tèmi," á sì kọjá lọ. Ẹkún tó sun nígbà Kérésì, ẹkún ìtìjú ni. Ó ti tò, ó ti dé iwájú, wọ́n wá dá a padà lójú gbogbo ayé. Àgbàlagbà náà á sunkún. Ẹ má sì fi bàtà gíga tàn wọ́n jẹ, mo ti rí ọmọ tí wọ́n ká aṣọ ìnujú sínú bàtà rẹ̀ rí.

Ti Fẹ́mi ló jù lójú tèmi. Ohun tó ń pè ní "dáa" yẹn, mímọ̀ tó mọ ibẹ̀ ni. Ó mọ ibi tí ilé ìtura wà, ó mọ ẹ̀rọ tó máa ń bàjẹ́, ó mọ bùọ̀dá tó máa ń fún wọn ní ìyí kan lé. Ibi tuntun ò lè fún un ní gbogbo ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má gun nǹkan kan fún bí ìdajì wákàtí. Mo mọ̀ pé ó máa ro wọ́n lára. Ẹ rìn yíká, ẹ béèrè bóyá owó gétì ti kó gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ àbí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni. Kẹ́ ẹ wá fi iṣẹ́ kan lé Fẹ́mi lọ́wọ́: kó máa wo ọwọ́ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á rìn dé ìdí àga kọ̀ọ̀kan, á ti irin wálẹ̀, á tún fà á sókè láti mọ̀ bóyá ó mú, kó tó padà sídìí bọ́tìnnì. Ẹlòmíràn á jókòó síbi tó wà, á kígbe pé "Ẹ di ara yín mú o!" Ẹ tò síwájú ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kejì, tó bá tún ń tẹ fóònù, ẹ kọjá. Kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe dán tó lèmi máa ń wò. Mo ti rí ẹ̀rọ àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí tó wà lọ́wọ́ ẹni gidi, mo sì gbé ọmọ mi sí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti mọ̀, bíi ẹṣin onígi tó ń yí po. Wọ́n máa ń ṣe àga gbọọrọ sáàárín àwọn ẹṣin náà nígbà míì. Tó bá wà, ibẹ̀ ni kí ìyá ọkọ yín jókòó sí, kí Mọrẹ́nikẹ́ wà lórí ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rọ tó ń ju èèyàn sókè tàbí tó ń sáré wálẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ì báà máa sọ pé àwọn ti gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí Badagry rí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ wọ́n di olùṣọ́ báàgì o. Mo mọ ìyá àgbà tó pọ̀ tó jókòó ti kúlà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ẹnì kankan ò bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ gun nǹkan kan.

Ọ̀nà ńkọ́? Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni Ìbàfò wà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ máa kọjá Berger, Kara, Arẹ̀pò àti Mágbòrò kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ má sún un sí Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn Rìdíìmù ń gbà lọ sí ìsìn wọn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ náà á gba gbogbo àkókò yín. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ máa wọ̀, ẹ má sọ fún kọ̀ńdọ́kítọ̀ pé "páàkì" lẹ̀ ń lọ. Páàkì tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, gàréèjì ló máa já yín sí.

Fẹ́mi, ó kàn ẹ́. Mo fẹ́ràn ìbéèrè rẹ ju ti màmá rẹ lọ, má sọ fún wọn. Mọ́tò iná kan ló ń fi ṣéènì fa rólà-kósítà gòkè. Tó bá ti dé góńgó, ṣéènì ti fi í sílẹ̀ nìyẹn, ara rẹ̀ tó wúwo ló ń gbé e sáré wálẹ̀, tó tún ń fi eré yẹn gun òkè kejì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òkè àkọ́kọ́ fi máa ń ga ju àwọn tó kù lọ. Ìró "ka-ka-ka" yẹn, o ti rí jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè? Ahọ́n irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tó ń bọ́ sínú eyín irin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ṣéènì bá já, tàbí tí NEPA bá mú iná lọ, ahọ́n yẹn ló máa há sáàárín eyín, ọkọ̀ ò ní lè fẹ̀yìn rìn padà sísàlẹ̀. Nítorí náà, ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù yẹn gan-an ló ń ṣọ́ ẹ. (Àwọn tuntun kan wà tí kò ń pariwo mọ́. Èmi ò nífẹ̀ẹ́ wọn.)

Ẹ̀yìn ni kó o jókòó sí tó o bá fẹ́ kí ikùn rẹ fò. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ bá kọjá góńgó, ó máa ń rọra ni, torí ìyókù ọkọ̀ ṣì ń gòkè bọ̀. Kó tó kan ẹ̀yìn, gbogbo iwájú ti ń ré wálẹ̀, wọ́n á kàn já ẹ kúrò lórí góńgó ni. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ ríran kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ sí ẹ lójú, lọ síwájú.

Tó o bá gun wíìlì ńlá, má bínú sí ẹni tó ń yí i bó bá ń dá yín dúró, tó ń gbé àwọn kan síhìn-ín, tó ń gbé àwọn kan sódì kejì. Ó ń mú kó dọ́gba ni, kí ẹ̀gbẹ́ kan má wúwo jù. Ọ̀gbẹ́ni George Ferris, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ afárá onírin, ló kọ́ èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Chicago lọ́dún 1893. Ó ga tó mítà 80, yàrá 36 ló so kọ́ ọn, yàrá kan sì ń gba èèyàn 60. Èmi tí mo ń to èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin sí tèmi, tí òógùn ń bò mí, mo máa ń ronú nípa ẹni tó ń to ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ mi ti gun ẹ̀rọ títí ó ti sú wọn, ariwo rẹ̀ sì ti sú èmi. Ṣé ibi kankan wà fún ẹni tó ń gbé Festac tí kò ní ẹ̀rọ rárá? Bàbá Àbẹ̀kẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ní Mile 2, ẹ sọ̀ ní Marina. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń gbé èrò, káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ á sì tó ọmọ ṣeré. Láti ibẹ̀, Freedom Park ní Broad Street kò jìnnà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ni tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, wọ́n sì ti Awólọ́wọ̀ mọ́bẹ̀ náà. Ọdún 2010, tí Nàìjíríà pé 50 ọdún, ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Tó bá jẹ́ igbó làwọn ọmọ fẹ́, Lekki Conservation Centre ni kẹ́ ẹ lọ. Afárá tí wọ́n so kọ́ sókè láàárín igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ di oúnjẹ yín mú dáadáa, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò mọ ti ẹnì kankan yàtọ̀.

Ní ti Freedom Park, ibi tí wọ́n ti ń so ẹlẹ́wọ̀n rọ̀ láyé ìjọ́un ni wọ́n sọ di pèpéle eré. Àbẹ̀kẹ́ máa bi yín léèrè. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán kẹ́ ẹ tó dáhùn.